Ṣé Ọ̀gbẹlẹ̀ Ló Tú Ilé-Ifẹ̀ Ká?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

 

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo bá wá, òjò tí kò rọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ ọ́ léraléra pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló pa ìlú báyìí, ọ̀gbẹlẹ̀ ló tú ilẹ̀ ọba báyìí ká. Ní 1993, Harvey Weiss ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé àwọn ènìyàn kúrò ní Tell Leilan, ní àríwá ilẹ̀ Síríà, ní nǹkan bí ọdún 4,200 sẹ́yìn, tó sì wó ilẹ̀ ọba Akkad. Ní 1995, David Hodell àti àwọn tirẹ̀ yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Chichancanab wò ní Mẹ́síkò, wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ohun tó pa àwọn ìlú Maya. Láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú àtijọ́ tó dahoro tí wọn kò tíì wá ọ̀gbẹlẹ̀ tirẹ̀ fún un. Ó ti wá kan ilé wa báyìí. Wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ ló ba Ilé-Ifẹ̀ ọjọ́sí jẹ́.

N kò wá láti sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni irú ẹ̀rí tó yẹ kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kó sílẹ̀ kí a tó gbà fún un.

Kí ni Ifẹ̀ ní tó sọnù? Láti nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, ìlú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Wọn á to àpáàdì lóòró, ìlà lórí ìlà bí eegun ẹja, wọn á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há a láàárín, níbòmíràn wọn á sì ri ìkòkò mọ́ àárín rẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ nìkan yọ, kí wọ́n lè máa ta nǹkan sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń bọ. Àgbàlá àti ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ díńgí náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń po díńgí yìí. Kì í ṣe àlòkù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń yọ́. Irú ìlẹ̀kẹ̀ náà ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao, lọ́hùn-ún ní etí aṣálẹ̀ Màlì. Ìlú tó ń ta ọjà dé ibẹ̀ kì í ṣe abúlé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, iná àwọn ayọ́díńgí yìí ti ń kú. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ di igbó. Ìlú náà kò parẹ́ o. Ọọ̀ni ṣì wà lórí ìtẹ́ dòní. Àmọ́ nǹkan ńlá kan rẹ̀yìn.

Ẹ̀rí ọ̀gbẹlẹ̀ kò ti Ifẹ̀ wá. Adágún Bosumtwi ló ti wá, nítòsí Kumasi ní Gánà. Òkúta kan tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò adágún náà ní ọdún tó lé ní mílíọ̀nù kan sẹ́yìn. Kò sí odò tó ń ṣàn jáde nínú rẹ̀. Òjò ló ń bọ́ ọ, oòrùn ló ń fà á lá. Bí òjò bá pọ̀, á kún. Bí òjò bá dá, á fà. Lọ́dọọdún ni ẹrẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìpele lórí ìpele, tí èèyàn lè jókòó kà á. Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science ní 2009: láàárín nǹkan bí 1400 sí 1750, ọ̀gbẹlẹ̀ kan mú ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí tí ti Sahel ìgbà 1970 sí 1985 kò tó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá dé etí adágún náà yóò rí òkú igi tó dúró sínú omi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni igi wọ̀nyẹn hù, nígbà tí omi fà sẹ́yìn. Nígbà tí òjò padà dé, omi bò wọ́n, wọ́n kú sórí ìdúró. Ẹni tó bá ní ọ̀gbẹlẹ̀ náà kò ṣẹlẹ̀, kó lọ bá àwọn igi yẹn jiyàn.

Nítorí náà, Ifẹ̀ rẹ̀yìn ní nǹkan bí 1400, òjò dá ní nǹkan bí 1400. Ó bára mu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ká ìwé wọn, tí wọ́n á ní ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Òṣòdì. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì kó tó di 2009 mọ̀ pé orí títì lọjà, ẹ̀gbẹ́ rélùwéè lọjà, mólúè ń forí gba àárín ìsọ̀ kọjá bí ẹni ń la igbó. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó katakata wọ̀ ọ́, wọ́n wó o palẹ̀. Ní Oṣù Keje 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, àgbàrá ya wọ ilé, ẹ̀mí bá a lọ. Ẹ wá fojú inú wo awalẹ̀pìtàn kan tó wa ilẹ̀ Òṣòdì lẹ́yìn 600 ọdún, nígbà tí ìwé àti fọ́tò gbogbo ti ṣègbé. Yóò bá ìpele kan tó kún fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bọ́tìnnì àti ìdérí ìgò. Lókè rẹ̀, ìpele tí kò sí ìdọ̀tí ọjà kankan níbẹ̀ mọ́. Nítòsí ibẹ̀, ẹrẹ̀ tí àgbàrá gbé wá. Irinṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún un pé nǹkan méjèèjì ṣẹlẹ̀ láàárín 40 ọdún sí ara wọn, kò ní lè sọ èyí tó ṣáájú. Kí ni yóò kọ? Yóò kọ ọ́ pé àgbàrá ló tú ọjà Òṣòdì. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó síhìn-ín, tí ìsọ̀ yín lọ lọ́jọ́ náà, ẹ mọ̀ pé àgbàrá kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Irinṣẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbójú lé jù ni kábọ́nù. Èédú inú ilẹ̀ ní irú kábọ́nù kan tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kábọ́nù yìí nínú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan láti ọdún dé ọdún, ọ̀rúndún kẹrìnlá sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ti máa ń dàrú jù. Èédú kan ṣoṣo lè jẹ́ ti 1310, ó sì lè jẹ́ ti 1400, kí àyẹ̀wò má lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ 1310 ni ìlú tú, Bosumtwi ṣì kún nígbà yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kò lè fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, bó ti wù kí àlàyé rẹ̀ dùn tó.

Ká tiẹ̀ gbà pé ọdún bára mu. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló kàn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá tú ìlú kan, kí ló ṣe fún ìlú kejì tí oòrùn kan náà ń pa? Wọ́n ti bi Weiss ní ìbéèrè yìí: Tell Mozan kò jìnnà sí Tell Leilan, ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Maya, ìhà gúúsù, níbi tí òjò ti pọ̀ jù, ni àwọn ìlú bíi Tikal ti dahoro, nígbà tí Chichén Itzá ní àríwá, níbi tó gbẹ jù, ń gbèrú. Ní Màlì, wọ́n kúrò ní Jenné-jeno ní nǹkan bí 1400, lẹ́yìn tí ènìyàn ti gbé ibẹ̀ fún ọdún tó lé ní 1,600. Ẹni tó bá ka ọdún yẹn nìkan á ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Djenné tuntun, tí kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ sí i, ló gba ipò rẹ̀, tó di ìlú oníṣòwò àti ìlú àwọn àáfà. Òjò wo ló ń dá fún ẹni tó wà níhìn-ín tí kì í dá fún ẹni tó wà ní kìlómítà mẹ́ta?

Àwọn aládùúgbò Ifẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà, láàárín 1400 sí 1750, ni Ewuare gorí ìtẹ́ ní Benin, ní nǹkan bí 1440, tí ìlú náà sì di ńlá. Inú rẹ̀ náà ni Muhammadu Rumfa ti jọba ní Kano, láti 1463 sí 1499, tí Kano ń lágbára sí i. Inú rẹ̀ náà sì ni Ọ̀yọ́ ti di ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ifẹ̀ nìkan ni ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀hún wá rí pa?

Ti Ọ̀yọ́ tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, Robin Law tó kọ ìwé lórí ilẹ̀ ọba náà ní 1977 sì gbà pé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbi tí igbó bá ti dí. Nítorí náà làwọn òpìtàn kan, bíi George Brooks, ṣe ń sọ pé nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, eṣinṣin fà sí gúúsù, ẹṣin sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà ló wó Ifẹ̀, òun náà ló gbé Ọ̀yọ́ dìde. Kì í ṣe pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó lè bí ìgòkè, tó tún lè bí ìṣubú, kò lè dá nìkan ṣàlàyé ọ̀kankan nínú wọn. Nǹkan mìíràn ló pín wọn níyà, òun gan-an ló sì yẹ ká máa wá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iye òjò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ti máa ń bínú sí mi. Òjò tó ń rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nísinsìnyí tó nǹkan bí mìlímítà 1,400 lọ́dún, ti Kano sì jẹ́ nǹkan bí 800. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin òjò Ifẹ̀ lọ, 1,050 ṣì kù, ó ṣì ju ti Kano òde òní lọ. Wọ́n á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọkà bàbà ni Kano ń gbìn, iṣu ni Ifẹ̀ ń gbìn.” Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ oníṣu kì í sì í ka mìlímítà. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bọ́ ló ń wò, àti bí ìsinmi òjò inú Oṣù Kẹjọ ṣe gùn tó. Òjò lè pé ní iye kí ó má bọ́ sásìkò, kí iṣu kú sínú ebè. Mo gba èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ Bosumtwi kò sọ ìgbà tí òjò bọ́ ní Ifẹ̀. Ibi méjèèjì jìnnà sí ara wọn ju kìlómítà 600 lọ, àárín wọn sì ni ọ̀dàn ti la igbó já dé etí òkun, ní Tógò àti ilẹ̀ Benin tó jẹ́ Dahomey tẹ́lẹ̀, tí òjò ibẹ̀ kò fi bá ti ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba. Bí òjò bá lè yàtọ̀ báyẹn láàárín Lomé àti Èkó lónìí, kí ló dé tí a fi ń fi adágún Ashanti ka òjò Ifẹ̀?

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn lè gbà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọn kì í gba ibẹ̀ tó. Kò di dandan kí ọ̀gbẹlẹ̀ bọ́ sórí oko Ifẹ̀ kó tó ṣe Ifẹ̀ níkà. Ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé Gao. Bí ilẹ̀ Sahel bá gbẹ, tí oníbàárà tó wà lọ́hùn-ún kò lówó mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ á kún àgbọ̀n ní Igbó Olókun, iná á kú, kí òjò sì máa rọ̀ wọ̀ọ̀ lórí iṣu. Akínwùmí Ògúndìran, nínú ìwé rẹ̀ The Yoruba: A New History tó jáde ní 2020, ka ojú ọjọ́ gbígbẹ mọ́ ohun tó da nǹkan rú nígbà yẹn, ó sì jẹ́ ẹni tó ń wo ọjà, òṣèlú àti ojú ọjọ́ pọ̀. Irú àlàyé tí èèyàn lè yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí ó ní ìdè púpọ̀, a sì lè fa ìdè kọ̀ọ̀kan wò bóyá yóò já. Bí ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ bá ń wọ Gao lọ síbẹ̀ lẹ́yìn 1400, ìdè kan já nìyẹn.

Afurasí mìíràn tún wà. Gérard Chouin ló gbé e dìde ní 2013. Ó wo àwọn ìlú olódi inú igbó, bíi Akrokrowa ní Gánà, tí wọ́n dahoro ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì béèrè bóyá kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ayé run láti 1347, tí òyìnbó ń pè ní Black Death, ló dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ní Kirikongo, ní Burkina Faso, Stephen Dueppen rí i pé ìlú náà súnkì ní ìgbà yẹn kan náà. Àbá yìí ní agbára kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní: àrùn lè tú ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí ká. Ṣùgbọ́n kò tíì sí egungun kankan ní apá ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ti rí kòkòrò àrùn náà, ilẹ̀ igbó sì máa ń jẹ egungun dànù. Ẹ tún wo Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ìgbà náà. Ó fojú ara rẹ̀ rí àrùn yìí ní Síríà àti Íjíbítì ní 1348, ìyá rẹ̀ pàápàá bá a lọ. Ó dé Màlì ní 1352, ó lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀, ó ṣe àròyé oúnjẹ, ó ṣe àròyé ẹ̀bùn tí ọba fún un, kò sọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ kankan. Ẹni tí àrùn pa ìyá rẹ̀ kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n bó bá tún bá a pàdé. Èmi kì í sábà gbé ìdájọ́ ka orí ohun tí ẹnìkan kò sọ, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ti Ibn Battuta yìí wúwo lójú mi.

Níbi tí ìwé bá ti wà, ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí. Ilé-Ifẹ̀ tún dahoro nígbà méjì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti 1849 sí 1854, àti láti nǹkan bí 1882 títí di 1894. A mọ ẹni tó lé wọn. Ogun Modákẹ́kẹ́ ni, àwọn tí ogun Ọ̀yọ́ lé wá tí wọ́n sì di alágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gbà wọ́n sílé. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ tú ní àwọn ọdún 1830, òpìtàn Samuel Johnson sì dárúkọ ẹni àti ìwà: Aláàfin Awólẹ̀, Àfọ̀njá olórí ogun rẹ̀, àwọn ará Ìlọrin, ìjòyè tó ń da ọba. Sharon Nicholson, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Amẹ́ríkà, ti kó ẹ̀rí jọ pé àwọn ọdún 1820 àti 1830 gbẹ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Ká ní Johnson kò kọ̀wé ni, ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn nìkan là bá máa wí, a kò ní mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ́ Àfọ̀njá. Èyí kò sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ kò kó ìyà kún ìyà. Ó kàn ń sọ pé ẹ̀rí tó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ni ẹ̀rí òjò, ẹ̀rí ọ̀tẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyí tí òjò fi máa ń jẹ̀bi.

Ìtàn ẹnu wa ńkọ́? Àwa Àwórì ń sọ pé Ògúnfúnminíre kúrò ní Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo tó léfòó lórí omi títí ó fi rì ní Ìṣẹri. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní ẹ̀rí ọ̀gbẹlẹ̀ nìyẹn: wọ́n ń wá omi kiri. Mo ní odò tó gbé àwo láti òkè dé Ìṣẹri kò jọ odò ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ lójú mi. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìtàn náà kò gbe èmi, kò gbe òun.

Ibo ni a ó ti rí ẹ̀rí tó lè gbe ẹnìkan? Nínú ẹrẹ̀ tiwa ni. Àtíkè òdòdó tí afẹ́fẹ́ ń gbé máa ń rì sínú àbàtà, kì í tètè jẹrà, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì lè fi awò dá igi kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló la ọ̀nà yìí fún wa. Ó rí i nínú ẹrẹ̀ agbègbè Niger Delta pé ọ̀pẹ ṣàdédé pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Onímọ̀ mìíràn, Jean Maley, ní rárá, ojú ọjọ́ ló gbẹ tí igbó fi là. Ọ̀pẹ kàn fẹ́ oòrùn ni. Bí àdá ló la igbó, bí ọ̀gbẹlẹ̀ ló là á, kò kàn án. Ẹ̀rí tó bá bá àlàyé méjèèjì mu kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre.

Ṣùgbọ́n ti Ifẹ̀ yàtọ̀, ó sì ṣeé dá. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé ènìyàn, igbó náà yóò ti ṣá kí ìlú tó tú, àtíkè koríko yóò sì gorí ti ìrókò àti àràbà. Bí àrùn tàbí ogun ni, oko yóò di pápá, pápá yóò di igbó kékeré, igbó dúdú yóò sì padà bo ibi tí ènìyàn wà. Àlàyé méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òótọ́ nínú ẹrẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ wà ní Òṣòdì níbí, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá kàwé nínú rẹ̀. Òjò ọ̀la ni wọ́n ń kọ́ wọn láti mọ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wa ọmọ bíi mélòó kan, kí a kó wọn lọ sí àbàtà kan tó wà láàárín Ifẹ̀ àti odò Ọ̀ṣun. Bí koríko bá gba ilẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 1400, n óò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní gbangba, nínú gbọ̀ngán yìí. Bó bá jẹ́ igbó ló padà, wọ́n á ní láti wá afurasí mìíràn.

Mo ti ṣetán fún ìbéèrè.